Fún Fadérera, Tó Fẹ́ Gba Fọ́ọ̀mù

Fadérera, o bi mí lánàá ní ìdíkọ̀ Sángo
bí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì aláàbọ̀-ọjọ́ yìí ṣe ń rí.
Máíkírà dé kí n tó lanu.
Mo bá gbé ìdáhùn náà lọ sílé,
mo gbé e kaná pẹ̀lú ẹ̀wà;
kò sí èyí tó tètè jinná nínú méjèèjì.

Àbọ̀ ọjọ́ ni wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù.
Odindi ara ni yóò gbà.
Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ká bí aṣọ òfì,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n jókòó lé e,
kó lè wọ inú àpótí oṣù méjìdínlógún.
Ìwọ ni àpótí yẹn.

Wàá máa ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́rin,
aago márùn-ún, kíláàsì, lókè Yemẹtù.
Ẹni tí yóò jókòó tì ọ́, ọmọ ogún ọdún ni,
yóò máa pè ọ́ ní Màámi kó tó yá bírò lọ́wọ́ rẹ.
Má bínú sí i. Òun ni yóò jí ọ
nígbà tí olùkọ́ bá dé orí kíndìnrín.

Wàá máa ka orúkọ eegun lórí òróró gbígbóná.
Ìbíyẹmí mi, ọmọ ọdún mẹ́fà,
na ìka sí èjìká bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ,
ó pe eegun náà bí ìwé ṣe pè é gẹ́lẹ́.
Bàbá rẹ̀ wò mí. Mo ń wo àwo.
Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fọṣọ ara rẹ̀.

Wàá gún ọsàn lábẹ́rẹ́.
Ọsàn Ọ̀jọ́ọ̀ tí mo gún yóò tó igba;
a ṣì jẹ wọ́n, wọ́n ń ta lẹ́nu bí omi iyọ̀.
Àmọ́ ọsàn kì í fa apá sẹ́yìn.
Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gún, bàbá arúgbó kan láti Mòníyà,
wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi,
ta ló ń ṣàìsàn gan-an, èmi ni àbí ọwọ́ rẹ?"

Ti owó, n ó sọ ọ́ ní kúkúrú, ó ṣì ń dùn mí.
Àjẹṣẹ́kù yá mi. Àbúrò mi yá mi.
Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ
tí ìyá mi fi rán mi lọ sílé-ìwé.
Wọn ò kọ owó bàtà funfun mọ́ ọn,
wọn ò kọ owó ọ̀kadà òru,
wọn ò sì sọ pé aago tí ò ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá
kò wúlò fún ẹni tó ń ka èémí èèyàn.

Èyí tí mo ń sá fún láti òwúrọ̀ nìyí:
ẹnìkan yóò kú mọ́ ọ lọ́wọ́.
Awakọ̀ ni tèmi. Ó bi mí pé aago mélòó lù.
Mo ní, "Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."
Kí n tó gbójú kúrò lára aago,
aago ń lọ, òun ti dúró.
Sístà Omítóògùn wọlé,
ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ dì mú
kó tó pa ojú ọkùnrin náà dé.
"Lọ fọwọ́," ó ní. "Bẹ́ẹ̀dì keje ń pè."

Mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìṣirò oògùn.
Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la wọlé. Mọ́kànlá la jáde.
Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ni o fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀wà ti jinná báyìí, iná ti lọ,
tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ.
Wàá ṣì gba fọ́ọ̀mù yẹn, mo mọ̀ ọ́.
Má fi bírò pupa kọ ọ́.
Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú.
Mú ọsàn dání.